Èébú Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Selwyn

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, Norris Haigh dúró létí pápá bọ́ọ̀lù onígi, eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀lù lórí koríko, ní Hebblethorpe, ó sì fi gbogbo ẹnu pe Lionel Fairfax ní àgbàyà bọ́gà. Selwyn Ackroyd tó wà nítòsí ń fi àkísà nu bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi. Kì í ṣe pé ó káàánú Lionel. Ó ń jowú rẹ̀ ni.

Ẹni tí kò bá gbé Yorkshire, agbègbè wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí á rò pé orí Selwyn ti dàrú. Orí rẹ̀ pé. Ní Hebblethorpe, àwọn tí a kò fẹ́ràn ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀gá báǹkì ló ń gba ẹ káàárọ̀, dókítà ehín ló ń gba ẹ ṣeun sà. Ọ̀rẹ́ ẹni ló ń gba èébú, bí ọ̀rẹ́ náà bá sì ṣe jinlẹ̀ tó ni èébú rẹ̀ ṣe ń dọ̀tí tó. Láti ìgbà tí Norris àti Selwyn ti jọ wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jọ wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, tí wọ́n sì jọ dúró lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, Norris kò fi orúkọ tí ìyá Selwyn sọ ọ́ pè é rí. Àgbàyà bọ́gà ló ń pè é, kódà nígbà tí wọn ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ tí kò sí àgbà kankan lára wọn. Bọ́gà, èébú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ ní "bugger", kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ létí àlùfáà, ṣùgbọ́n lẹ́nu Norris, oríkì ni. Bí Selwyn bá gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, orí rẹ̀ á wú.

Oríkì náà dákẹ́ lójijì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Mavis, ìyàwó Selwyn, nígbà tí ewé ń já lára igi lọ́dún tó kọjá, Norris kò bú u mọ́. "Ẹ káàárọ̀, Selwyn," ló ń wí. "Ẹ jókòó síbí, Selwyn. Ṣé kí n bá yín po tíì?" Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jí ápù ká lọ́gbà ẹlòmíràn, tẹ́ ẹ jọ jẹgba lórí ápù náà, òun ló wá ń fi ẹ bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Selwyn rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀.

Lẹ́yìn Kérésì ni Lionel kó dé. Apá gúúsù ló ti wá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọlúàbí ènìyàn tí bàtà rẹ̀ kì í ní ẹrọ̀fọ̀. Ó fẹ́ kọ́ bọ́ọ̀lù onígi, ó sì ń jù ú bí ẹni ń ju àkàrà sínú epo gbígbóná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe: ó mọ ìtàn ọ̀rọ̀, pàápàá èyí tí kò ṣeé sọ lójú àlejò. Kò sí èébú tí kò mọ baba ńlá rẹ̀. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé òun fúnra rẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni rí. Bí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, "ó mà ṣe o" ló máa wí.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n ta bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn wà nínú ilé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, oníkálukú pẹ̀lú bíà rẹ̀. Hilda, ìyàwó Norris, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Lionel," Norris pè é, "ìwọ tó o mọ̀wé. Bọ́gà yìí, ọmọ ìlú ibo ni?"

"Ọmọ Bọ̀gáríà, ìyẹn Bulgaria," Lionel dáhùn.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Òótọ́ ni mo ń sọ. Láyé àtijọ́, àwọn onígbàgbọ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí ti ìjọ Póòpù. Àwọn àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Wọ́n ní aládàámọ̀ ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ọkùnrin wọn ń bá ara wọn sùn. Àwọn Faransé ló sọ orúkọ ìlú wọn di èébú. Àwa kàn yá a lọ́wọ́ àwọn Faransé ni, a ò sì dá a padà."

Norris na ẹsẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé etí rẹ̀ pọ́n. "Sọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Sódómù ni, wọ́n gé e kúrú. Inú Bíbélì ló wà."

"Ìyẹn ni wọ́n fi ń gbà á láyè ní ṣọ́ọ̀ṣì," Hilda wí, kò gbójú sókè.

"Gíìtì?"

"Ohun tí ènìyàn bí ni. Ọmọ tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀."

"Pílọ́ọ̀kì?"

Lionel wo Hilda, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nǹkan ọkùnrin ni. Ó jọ pé àwọn ará Norway tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá jà wá lógun ló gbàgbé ẹ̀ síhìn-ín."

"Ọmọ àbúrò mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí," Norris wí. Ẹ̀rín pa á títí ó fi di tábìlì mú. Ó wá gbá Lionel lẹ́yìn gbàmù. "Ìwọ yìí, orí ẹ kún fún ẹ̀gbin ju ti gbogbo wa lọ. Àgbàyà bọ́gà ni ẹ́, Lionel. Bó o ṣe rí nìyẹn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Selwyn náà fi eyín hàn, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n á wò. Nínú rẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀ lójú agbo. Wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ìyálé wo lẹ rí rí tó ń sunkún nítorí pé ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pàṣán òun na ìyàwó tuntun? Selwyn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ẹnu Norris, bí ìyálé ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá ọkọ.

Ohun tó wá já a láyà jù wáyé nínú ilé tirẹ̀. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Eléni-Méjì ló ń bọ̀ lópin oṣù Kẹfà. Ọdọọdún ni òun àti Norris jọ ń ta á, wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàdánù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń bú ara wọn títí ọdún mìíràn á fi dé. Norris kan ilẹ̀kùn, ó gbé páì ẹran tí Hilda ṣe lọ́wọ́, ó sì dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà bí ẹni wá polongo ìbò.

"Selwyn, mo ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìdíje yẹn," ló wí. "Ọdún yìí ti le fún yín. Ẹ sinmi. Lionel á bá mi ta á. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kẹ́ ẹ wá, ẹ̀yin lẹ máa bá wa di téèpù ìwọ̀n mú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Selwyn dáhùn.

"Ṣé kò bí yín nínú?"

"Kí ló máa bí mi nínú? Ẹ kí Hilda fún mi."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé páì náà lé orí tábìlì, kò jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà á. Mavis ti lọ. Àwọn ọmọ wọn wà ní Kánádà. Bí Norris bá tún bọ́ lọ́wọ́ òun, kò ní sí ẹni tó mọ òun nígbà tí òun ṣì ní irun lórí mọ́ láyé. Lionel sì rèé, tó dé lánàá, tó ti kó orúkọ òun, tó tún fẹ́ kó ipò òun lé e. Selwyn kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tijú láti sọ ọ́ fún àga tí Mavis máa ń jókòó lé.

Ó wá pinnu pé òun á fi ọwọ́ ara òun fa èébú náà jáde. Nígbà tí wọ́n tún pé nílé ẹgbẹ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ife Norris, bíà sì dà sí i nítan. Láyé àtijọ́, ohun tí Norris ì bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹyẹ ì bá fò kúrò lórí òrùlé. Norris wo ṣòkòtò rẹ̀.

"Kò burú, Selwyn," ló wí. "Mo ti fẹ́ fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Selwyn kò jáwọ́. Ó fi bàtà ìta rìn la àárín pápá kọjá, èyí tí ọmọdé ìlú wa pàápàá mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Norris kàn fà á lápá jẹ́jẹ́, ó ní kó gba ẹ̀gbẹ́. Níkẹyìn, ó kọ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó wúwo ju èkejì lọ, tó ń darí ibi tó ń yí sí, sódì, ó sì jù ú bí ẹni tí kò dé pápá rí. Bọ́ọ̀lù náà yí lọ gbọọrọ, ó sì já sí kòtò etí pápá. Kò pẹ́ tí Lionel náà ṣe irú àṣìṣe yẹn gan-an, ní tirẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀.

"Gíìtì afọ́jú," Norris kígbe mọ́ Lionel. "Ṣé ojú tí ìyá ẹ bí mọ́ ẹ nìyẹn, àbí o yá a ni?"

Ó wá yíjú sí Selwyn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Selwyn? Ṣé kì í dùn yín tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀?"

Selwyn kò dúró gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ó kó bọ́ọ̀lù rẹ̀ sápò, ó sì lọ sílé. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó síwájú àga Mavis. "Gíìtì afọ́jú," ló wí fún àga náà. "Mo ju tèmi sí kòtò kan náà, Mavis. Lionel ló fún ní gíìtì afọ́jú."

Ọjọ́ ìdíje pé, oòrùn ràn, èyí tó ṣọ̀wọ́n níbi tiwa. Hilda àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ to àkàrà òyìnbó àti tíì sórí tábìlì gígùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí tíì tutù, ó ku Norris àti Lionel pẹ̀lú Sugden àti àbúrò rẹ̀, àwọn tí wọ́n wá láti ìlú kejì. Lionel ti ń gbìyànjú. Kò tíì gba ife ẹ̀yẹ kankan láyé rẹ̀, ó sì ń nu bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ànùtúnnù. Àmì dọ́gba. Ìjù kan ló kù.

Nínú eré yìí, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sún mọ́ ọmọ bọ́ọ̀lù kékeré tó wà níwájú jù ló ni àmì. Bọ́ọ̀lù Lionel gun òkè kékeré àárín pápá, ó rọra yí wálẹ̀, ó sì dúró. Ti àbúrò Sugden náà dúró ní òdìkejì. Ojú lásán kò lè yanjú rẹ̀. Wọ́n ké sí Selwyn.

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Ó wọn ti Sugden. Ó wọn ti Lionel. Ti Lionel ló sún mọ́ ọn, ó fi ìwọ̀n èékánná kan jù ú lọ. Norris ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún, ó ń wo ibi tí Selwyn ń wò. Selwyn gbọ́ tí Norris sọ fún Lionel lábẹ́lẹ̀ pé, "Jẹ́ kí ọkàn ẹ balẹ̀, àgbàyà bọ́gà." Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lórí.

"Ti Sugden," Selwyn kéde.

Àwọn ará ìlú kejì pàtẹ́wọ́. Àwọn Sugden fi ẹsẹ̀ kó bọ́ọ̀lù jọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kò sì sí ohun tí a lè tún wọ̀n mọ́. Lionel dúró níbi tó wà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ àwọn tó ṣẹ́gun lọ́wọ́, ó sì lọ kó bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sápò. Norris wo Selwyn. Ó ti rí i. Selwyn mọ̀ pé ó rí i, ó sì ń dúró de èébú náà, ó ti gbé àyà sílẹ̀ fún un.

Norris fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ ṣeun, Selwyn," ló wí. "Iṣẹ́ yẹn ò rọrùn."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti já.

"Mo rẹ́ ẹ jẹ," Selwyn wí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè. "Ti Lionel ló sún mọ́ ọn jù. O rí i. Kí ló dé tó ò bú mi?"

"Selwyn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

"Má fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ àgbàyà sọ́ọ̀dù olójú ẹja yìí, ìwọ tó ò lè ju bọ́ọ̀lù sínú adágún tó o bá dúró sétí ẹ̀. Mo jí ife ẹ̀yẹ ẹ lójú ẹ, ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnu Norris là, kò sì pa dé. Ó ṣí fìlà kúrò lórí.

"Hilda," ló ké sí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè. "Ó bú mi."

"Mo gbọ́," Hilda dáhùn látìdí tíì. "Gbogbo Hebblethorpe ló gbọ́."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń du ojú Norris. "Ṣé o mọ ohun tí ojú mi ti rí?" ló bi Selwyn. "Lọ́jọ́ tá a sin Mavis, mo gbé búrẹ́dì alẹ́ran wá fún ẹ. Mo ní, 'Jẹun, àgbàyà bọ́gà.' Ìwọ bá bú sẹ́kún. Ìwọ tí mi ò rí omijé ẹ rí, kódà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ẹ níka. Hilda ní mo fẹ́ pa ẹ. Ó ní mi ò gbọdọ̀ bú ẹ mọ́ láyé, àfi tí ìwọ bá kọ́kọ́ bú mi, ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé ara ẹ ti yá. Mo dúró, mo dúró, o ò bú mi. Ẹnu ń yún mi. Lionel ló wà nítòsí, mo bá ń tu gbogbo ẹ̀ lé e lórí kí n má baà kú."

"Èmi náà ń dúró dè ẹ́ ni," Selwyn wí.

"Èmi ló pa ẹ́ lẹ́kún nígbà yẹn."

"Ìwọ kọ́." Selwyn dáhùn. "Gbogbo wọn ló ń rọra sọ̀rọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Àlùfáà, àwọn àna mi, àwọn tó gbé pósí. Gbogbo wọn ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé bó ṣe máa rí títí ayé mi nìyẹn. Ìwọ wá pè mí lórúkọ mi."

Norris dé fìlà rẹ̀ padà. Nígbà tó la ẹnu, ó kó èébú gbogbo oṣù tó ti fi pa ẹnu mọ́ jáde. Ó pè é ní àgbàyà bọ́gà, ó pè é ní gíìtì olójú kòkòrò, ó bú u dé orí bàtà, ó bú ọwọ́ tó fi di téèpù, ó bú ọ̀nà tó gbà kúnlẹ̀. Àwọn Sugden di etí ọmọ wọn. Selwyn dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n ń kì, orí rẹ̀ sì ń wú.

Nígbà tí Norris sinmi láti mí, Selwyn ní, "Bọ́gà, tèmi ni. Wá òmíràn fún Lionel."

"Òjòwú," Norris wí. "Lọ bá a sọ̀rọ̀. Òun lo jà lólè, kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ni. Alága ẹgbẹ́ ti fi ohùn líle sọ pé wọ́n ti kó bọ́ọ̀lù, ìdájọ́ kò yí padà mọ́, ife ẹ̀yẹ ti lọ sí ìlú kejì, Selwyn kò sì ní fọwọ́ kan téèpù ẹgbẹ́ mọ́ láéláé. Lionel jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àpò bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Selwyn lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Mo jowú yín ni," ló wí. "Mi ò ní àwáwí. Ẹ ju bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa."

Lionel dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo mọ ibi tí gbogbo wọn ti wá," ló wí. "Mi ò tíì lò ó fún ẹnikẹ́ni rí. Gíìtì ni ẹ́, Selwyn Ackroyd. Olè gíìtì. Mo sì mọ ìtumọ̀ ẹ̀."

Kò sí àwàdà nínú rẹ̀ rárá. Ó wọ Selwyn lára, ó sì jẹ́ kó wọlé, nítorí ó tọ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù Lionel. Lionel fẹ́ gbà á, lẹ́yìn náà ó jáwọ́. Àwọn méjèèjì ń lọ sápá ilé ẹgbẹ́, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Norris ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Àgbàyà bọ́gà," ló ké, "ṣé ò ń bọ̀ àbí kí n mu bíà ẹ?"

Orí méjì ló gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Lionel tó na ọwọ́, kó sì gba àpò rẹ̀ padà lọ́wọ́ Selwyn.

"Máa lọ," ló wí. "Ìwọ ló ń pè."